Ẹ Jókòó Ná Lẹ́yìn Ìrun



À ń rí i ní mọ́sálásí: bí ìrun bá ti parí báyìí, àwọn ọmọ wa ti sáré bá bàtà. Ẹ dákun, ẹ jókòó ná. Àjòjì bíi tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní tẹsùbáà yìí. Wọ́n fi Mẹ́kà sílẹ̀ lọ sí Mẹ̀dínà, ọwọ́ wọn ṣófo. Wọ́n lọ bá Ànábì pé àwọn olówó ti kó gbogbo ẹ̀san lọ: wọ́n ń kírun, wọ́n ń gbààwẹ̀ bíi tàwọn, wọ́n sì tún ń rówó ṣe sàráà. Ànábì wá kọ́ wọn ní Subuhanalahi 33, Alihamudulilahi 33, Alahu Akibaru 33. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀! Àṣé àwọn olówó ti gbọ́, làwọn náà bá ń kà á. Àwọn aláìní tún padà lọ fẹjọ́ sùn. Ànábì ní oore Ọlọ́run nìyẹn, ẹni tó bá wù Ú ló ń fún.

Àwọn ọmọ máa ń bi wá pé, ṣé ìka ni àbí ìlẹ̀kẹ̀? Ìka ni Ànábì fi ń ka tirẹ̀. Àwa ò bá bàbá tó mú ìlẹ̀kẹ̀ dání jà, àmọ́ ìka ò ṣeé gbàgbé sínú táàsì.