Nígbà tí a bá Fẹ́ Pààrọ̀ Olórí: Ẹ̀kọ́ láti Pápá Ìṣeré Nebraska

Nígbà tí olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ojúṣe wa sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ wa dàgbà, ó ṣeé ṣe kí ó máa retí ọ̀rọ̀ owó tàbí ti òrùlé tí ń jò. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo mú wá. Kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá, bí kò ṣe ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá, tí wọ́n sì ń fi èjìká gbún ara wọn lulẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ fi sùúrù bá mi lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ní ìlú Lincoln, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Nebraska. Ìpínlẹ̀ àgbẹ̀ ni, àgbàdo àti màlúù ni wọ́n fi ń yangàn. Gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì lọ, kò sì sí ikọ̀ ńlá kan níbẹ̀ ti àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun. Nítorí náà, ikọ̀ yunifásítì wọn ni gbogbo ìpínlẹ̀ fi ṣe tiwọn. Pápá ìṣeré náà ń gba ènìyàn tí ó lé ní 80,000, láti ọdún 1962 ni wọ́n sì ti ń ka ọjọ́ ìdíje kọ̀ọ̀kan sí ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì tà tán. Ní Sátidé ìdíje, aṣọ pupa ni tọmọdé tàgbà ń wọ̀, bí ẹni pé gbogbo ìlú dá aṣọ ẹbí.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ìròyìn dé pé wọ́n ti yọ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá, Scott Frost, kúrò nípò. Ní àná rẹ̀ ni wọ́n pàdánù nílé, 45 sí 42, lọ́wọ́ Georgia Southern, yunifásítì tí kò lókìkí tó tiwọn rárá nínú eré náà. Bàbá àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ kángun sí ti àwọn ọmọ mi, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde yunifásítì ọ̀hún, dúró sí iwájú ilé, ó ń mi orí. Mo bi í bóyá inú rẹ̀ dùn. Ó ní inú òun kò dùn, inú òun kò sì bàjẹ́, ó ti rẹ òun ni. Ó ní ẹnì karùn-ún tí wọn yóò lé nìyí kí ogún ọdún tó pé.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ikọ̀ náà, mo sì rí i pé òótọ́ ni ó sọ. Láti ọdún 1962 títí di 2003, ọdún méjìlélógójì gbáko, ènìyàn mẹ́ta péré ni ó darí rẹ̀. Láti ìparí ọdún 2003 títí di ọdún 2022, wọ́n lé ènìyàn márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Bob Devaney dé ní ọdún 1962, ó bá ikọ̀ tí ó ti rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ikọ̀ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1970 àti 1971. Kí ó tó fi ipò sílẹ̀, ó ti tọ́ka sí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, Tom Osborne, ọ̀kan nínú àwọn igbákejì rẹ̀. Ó ṣe bí Mósè ti ṣe sí Jóṣúà: ó gbé ọwọ́ lé e ní ojú gbogbo ènìyàn, kò sì sá lọ. Ó ń bá iṣẹ́ alábòójútó gbogbo eré ìdárayá yunifásítì náà lọ, ó ń fi èjìká ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́yìn.

Ó sì nílò àtìlẹ́yìn náà. Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ ni Oklahoma, abánidíje wọn pàtàkì, fi lù ú tẹ̀léra tẹ̀léra. Àwọn kan ń kùn pé kò lè borí nínú ìdíje ńlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 1984, ikọ̀ rẹ̀ tí kò tíì pàdánù kankan ní sáà náà kojú Miami nínú ìdíje Orange Bowl. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí, àmì kan ṣoṣo ni Miami fi ṣáájú, 31 sí 30. Bí Osborne bá ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gba àmì kan, ọ̀mì ni ìbá jẹ́, ó sì dà bí ẹni pé ife-ẹ̀yẹ ìbá bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ó ní rárá, kí àwọn ọmọ gbìyànjú àmì méjì, kí wọ́n borí tàbí kí wọ́n pàdánù. Bọ́ọ̀lù náà kò bọ́ sí i. Wọ́n pàdánù.

Ẹ̀yin ará, ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin yìí ti wà nípò nígbà náà, kò sì gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè kankan. Wọn kò lé e. Ọdún kejìlélógún rẹ̀, 1994, ni ó tó gba ti àkọ́kọ́. Ó tún gba òmíràn ní 1995, ó sì gba ẹ̀kẹta ní 1997 kí ó tó sinmi. Ìdíje 255 ni ó borí ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní 1991, òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TeamMates, èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ fi ń ṣe alágbàtọ́ àti olùdámọ̀ràn fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké ní Lincoln. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹni kẹta ni Frank Solich. Ọmọ ilé ni: ó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Devaney, ó sì ṣe igbákejì lábẹ́ Osborne. Ní ọdún mẹ́fà, ó borí nínú ìdíje 58, ó sì pàdánù 19. Ní sáà 2001, ó gbé wọn dé ìdíje àṣekágbá, Miami ni ó sì borí wọn. Ní 2002 nǹkan kò lọ déédéé, wọ́n borí méje, wọ́n pàdánù méje. Ní 2003 ó tún ikọ̀ ṣe, ó borí mẹ́sàn-án nínú méjìlá. Ní ọjọ́ kejì tí ó borí ìkẹsàn-án ni wọ́n lé e. Ohun tí àwọn aláṣẹ ń sọ ni pé mẹ́sàn-án kò tó.

Kí ni ó tẹ̀lé e? Wọ́n lọ mú Bill Callahan, ẹni tí ó ti darí ikọ̀ àwọn tí ń fi eré jẹun títí dé Super Bowl. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ìpàdánù pọ̀ ju ìborí lọ, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí Nebraska láti 1961. Wọ́n lé e ní 2007. Wọ́n mú Bo Pelini. Kò sí sáà kan tí kò borí ó kéré tán nínú ìdíje mẹ́sàn-án, síbẹ̀ wọ́n lé e ní 2014. Mike Riley borí 19, ó pàdánù 19, wọ́n lé e ní 2017. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sáré lọ pe Frost, ẹni tí ó wà nínú ikọ̀ tí ó gba ife ní 1997. Gbogbo ènìyàn ní ọmọ wa ti padà wálé, ògo àtijọ́ ti dé. Ìdíje 16 ni ó borí nínú 47.

Èrò mi nìyí: ẹni tí ó lé olórí nítorí ìkánjú ń fi ohun tí ó ní rọ́pò ohun tí ó ń lá lálàá rẹ̀, àwọn ọmọ ni wọ́n sì ń san gbèsè náà. Bí ọkàn àwọn aláṣẹ 2003 bá ti wà nínú àwọn ti 1984, ife mẹ́ta tí wọ́n ń fi yangàn títí di òní kì bá tí dé.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí a fi olórí tí kò yẹ sípò títí ayé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ń fìyà jẹ ọmọ, tí ń purọ́, tàbí tí ń bo ìwà ìbàjẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó lọ lónìí, ì báà máa gba ife lọ́dọọdún. Ẹni tí a sì ti fún ní àkókò àti irinṣẹ́, tí iṣẹ́ náà sì ju agbára rẹ̀ lọ, kí a bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ó sì lọ. N kò bá àwọn ará Nebraska wí pé wọ́n yọ Frost. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti yọ ọ́: mílíọ̀nù 15 dọ́là ni wọ́n jẹ ẹ́ nítorí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dúró di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, owó náà ìbá ti dín sí ìdajì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Texas A&M yọ Jimbo Fisher, gbèsè tí ó sì wà lọ́rùn wọn lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń sọ yìí o, kì í ṣe ilé ìfowópamọ́.

Ju owó lọ, ẹ rò ti àwọn ọmọ. Ní Amẹ́ríkà, akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ ni í lọ jókòó nínú pálọ̀ àwọn òbí, tí ó ń ṣèlérí pé òun yóò ṣe bàbá fún ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n bá lé e, àwọn igbákejì rẹ̀ ń tú ká, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì ń palẹ̀ mọ́ lọ sí yunifásítì mìíràn. Àwọn ọmọ tiwa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Olumuyiwa Fashanu, tí orúkọ rẹ̀ kò nílò ìtumọ̀ fún wa, gbá bọ́ọ̀lù fún Penn State lábẹ́ James Franklin kí ó tó di ẹni tí ikọ̀ Jets ní New York mú ní 2024. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Penn State lé Franklin yìí kan náà, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá níbẹ̀, kò sì tíì pé ọdún kan tí ó gbé wọn dé ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá.

Wàyí o, ìjẹ́wọ́ ni ó kù. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ wa yìí, ọdún méjì tẹ̀léra ni ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò kan na àwọn ọmọ wa nínú bọ́ọ̀lù. Àwa akẹ́kọ̀ọ́-jáde fárí gá. A kọ ìwé, a ní kí wọ́n gba iṣẹ́ eré ìdárayá lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó ń bójú tó o, pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Mo wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé náà. Wọ́n ṣe bí a ti wí. A fi owó wa mú ẹlòmíràn wá, ó sì gba ife fún wa ní ọdún kejì. A jó, a yọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó gba ife náà wá bá mi fún ìrànlọ́wọ́. Kò yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ó sọ fún mi pé olùkọ́ wa àtijọ́ kì í mú ọmọ kankan wọ pápá láìjẹ́ pé ó ti wo káàdì ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tuntun náà kò béèrè rí. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó mọ̀ pé olùkọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ife nìkan ni à ń kà. Mo pinnu pé n óò lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń sún un síwájú. Ìsìnkú rẹ̀ ni mo lọ.

Àwọn ará Nebraska ṣe dáradára jù mí lọ nínú èyí. Matt Rhule, tí wọ́n mú ní ìparí ọdún 2022, ránṣẹ́ pe Frank Solich. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ogún ọdún tí wọ́n ti lé e, ó padà wọ pápá náà, wọ́n sì bu ọlá fún un ní gbangba. Bí onírèsé kò bá fín igbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Rhule pàdánù ju bí ó ti borí lọ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ní ọdún kejì, 2024, ó borí méje nínú mẹ́tàlá, sáà rere àkọ́kọ́ tí wọ́n rí láti 2016.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà tàbí ti olùkọ́ kan bá tún dìde nínú ìpàdé wa, kí a tó kọ ìwé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹni náà ń ṣe tí a kò rí. Kí a béèrè ẹni tí ó ti ń múra sílẹ̀ láti gba iṣẹ́ náà. Kí a má sì rò pé ẹni tí ó bá ti jẹ́ ọmọ ilé wa ni yóò dá àná padà fún wa. Owó tí a bá dá fún ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀bùn ni. Kò fún wa ní agbára láti yọ olùkọ́ nípò nínú ìbínú.

Ohun kan sì wà tí a lè ṣe kí ayẹyẹ yìí tó parí. Ó kù nínú àwọn olùkọ́ wa tí ó lọ láìgbọ́ ọpẹ́, tí wọ́n ṣì wà láàyè. A mọ ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí a lọ pè wọ́n wá, kí a fún wọn ní àga iwájú, kí a sì dọ̀bálẹ̀ kí a kúnlẹ̀ kí wọn. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ibi ìsìnkú ni a ó ti rántí wọn.