Gègé àti Ìwé Ni Ká Fi Mọ Agbára Ọkọ̀, Kì í Ṣe Títì Ọba

Iyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa ọ̀dọ́, ìbáà jẹ́ Èkó ni a ti wá, tàbí Àkrá, tàbí Kútọnu, tàbí Lomé: ọkọ̀ ta ni ó lè tètè gbéra jù? Ọ̀kan a ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni. Èkejì a ní irọ́ ni, ti bàbá òun ni kò ní ẹlẹgbẹ́. Iyàn náà kò burú. Ohun tí ó burú ni ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà parí rẹ̀: wọn a mú ọkọ̀ méjèèjì lọ sí títì ọba lóru, wọn a tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn a sì ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ju agbára. Èrò tèmi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ni pé ẹni tí ó bá mọ ìṣirò kò ní í fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wá ìdáhùn tí gègé lè fún un.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti la irú èyí kọjá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ California sọ títì di pápá ìje. Ní ọdún 1950, a ya ibi kan sọ́tọ̀ fún wọn ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Santa Ana. Ní ọdún 1951, Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀, kí ìje náà lè kúrò ní ojú títì, kí ó sì ní òfin. Ìdámẹ́rin máìlì, èyí tí í ṣe mítà 402, ni ìwọ̀n tí wọ́n ń lò: ọkọ̀ yóò dúró jẹ́ẹ́, yóò gbéra, aago yóò sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó lò. Ọgbọ́n ni wọ́n gbọ́n. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa ni ó ní irú pápá bẹ́ẹ̀ nítòsí? Àìsí pápá kò sì fún wa láṣẹ láti sọ ọ̀nà tí ìyá arúgbó ń gbà lọ sí ọjà di pápá.

Iye méjì péré ni a nílò: agbára ẹ́ńjìnnì àti ìwúwo ọkọ̀. Méjèèjì wà nínú ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá. Bí wọ́n bá fi agbára ẹṣin ka agbára náà, kí a rántí pé agbára ẹṣin kan jẹ́ wáàtì 746. James Watt, ará Scotland, ni ó fi ìwọ̀n yìí lélẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún ó lé sẹ́yìn, nígbà tí ó ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ wé ẹṣin. Ní ti ìwúwo, kí a má ṣe gbàgbé láti ka awakọ̀ àti epo mọ́ ọn.

Ohunkóhun tí ó bá ń sáré ní okun nínú. Láti mọ okun náà, a ó fi eré rẹ̀ lọ́po ara rẹ̀, a ó fi ìwúwo rẹ̀ lọ́po èsì, a ó sì pín gbogbo rẹ̀ sí méjì. Eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan jẹ́ mítà 27.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; nítorí náà, kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ okun júùlù 386 kí ó tó dé orí eré yẹn. Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kan tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 1,200, tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 90,000. Okun tí ó ń fẹ́ jẹ́ nǹkan bí júùlù 463,000. Bí a bá fi 90,000 pín in, èsì rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5.1.

Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tí í fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Taya a máa yọ̀ nígbà tí ó bá ń gbéra. Awakọ̀ a máa pààrọ̀ jíà. Afẹ́fẹ́ a sì máa tì í padà. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ èsì náà di ìlọ́po méjì, kí ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, èyí tí ó sún mọ́ ohun tí ojú ń rí lára ọkọ̀ arìnrìn-àjò lásán.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà kò fojú tẹ́ńbẹ́lú irú ìṣirò yìí. Roger Huntington, òǹkọ̀wé nípa ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣe àkíyèsí pé bí a bá fi ìwúwo ní pọ́ùn pín agbára ẹṣin, tí a wá iye tí ó máa ń fi ara rẹ̀ lọ́po lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó di èsì náà, tí a sì fi 225 lọ́po rẹ̀, a ó rí eré ọkọ̀ náà ní òpin ìdámẹ́rin máìlì, ní máìlì láàárín wákàtí kan. Fún ọkọ̀ tí mo mẹ́nu bà, èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 80. Ní ọdún 1973, Geoffrey Fox ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ físíìsì Amẹ́ríkà ìdí tí òfin kúkúrú yìí fi ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìṣirò yìí ti kan ẹ̀mí gan-an kì í ṣe ibi ìje. Ibi tí a bá ti fẹ́ kọjá tírélà ni. Ká ní tírélà ń sá kìlómítà 50, tí a sì ń lọ lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń bọ̀ níwájú wa. Èrò àti ẹrù ti sọ ọkọ̀ wa di kìlógíráàmù 1,500. Kí ó tó kúrò lórí eré 50 dé 80, yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5, nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá 4 ìbá tó bí awakọ̀ nìkan bá wà nínú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 yẹn, àwa yóò ti rin mítà 90, ọkọ̀ tí ń bọ̀ lórí eré 80 yóò sì ti rin mítà 111. Igba mítà ọ̀nà ti lọ, síbẹ̀ mítà 21 péré ni a fi ré kọjá tírélà náà, èyí tí kò ju gígùn rẹ̀ lọ púpọ̀. Kí a tó lè padà sí apá wa ní àlàáfíà, yóò tó ìṣẹ́jú àáyá 8, ọ̀nà tí ó gbọ́dọ̀ ṣófo níwájú wa yóò sì lé ní mítà 300. Ta ni ó máa ń rántí èyí nígbà tí ó bá yọ orí síta?

Ẹnìkan lè wí pé ìṣirò kò mọ ọkọ̀ tí ó ti gbó. Òtítọ́ ni. Kò sì mọ̀ bóyá a wà ní Èkó létí òkun tàbí ní Jos, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bí mítà 1,200, tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́lẹ́ débi pé ẹ́ńjìnnì lásán lè pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo àbùkù wọ̀nyí ń dín agbára kù ni, wọn kò fi kún un. Bí ìwé bá ti ní ọ̀nà kò tó, ojú títì kò lè sọ pé ó tó. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ẹ̀rí, kí ó jẹ́ kí èrò tí ó jókòó tì í fi aago ka ìgbà tí ọkọ̀ fi kúrò lórí eré 30 dé 80, lórí ọ̀nà tí ó dá, láìrú òfin. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba aago eré láyè láti fi kún eré díẹ̀: bí ọkọ̀ bá ń sá 80 gan-an, aago rẹ̀ lè fi hàn dé 92.

Olùkọ́ ni àwa yóò jẹ́ lọ́la. Àwọn ọmọ tí a ó kọ́ yóò máa béèrè pé kí ni ìṣirò wúlò fún. Dípò ọkọ̀ ojú irin méjì tí ń pàdé ara wọn nínú ìwé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a fún wọn ní tírélà, ọkọ̀ tí ó kún fún èrò, àti ọ̀nà tí kò gbòòrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣírò iye mítà náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.