Owó Ẹ̀yáwó fún Ẹ̀kọ́ Òwò: Kí Ló Dé Tí A Fi Ń Lọ́ra fún Àwọn Obìnrin?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò fẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ń ta aṣọ láàárín wa béèrè owó ẹ̀yáwó, ó ní òun fẹ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́ òwò ní yunifásítì. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ní kí ó lọ bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Oṣù yẹn náà ni wọ́n yá ọkùnrin kan lówó láti fi tún mọ́tò ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ohun tí ìyàwó rẹ̀ wí.

Èyí kò dùn mọ́ wa nínú. Ta ni ń dá owó jù nínú ẹgbẹ́ yìí? Ẹ ṣí ìwé akápò wò. Àwọn obìnrin ni, àwọn náà ló sì ń tètè san gbèsè. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ibi ìgbìmọ̀, obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń rán lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Àwọn kan ní, “Àwọn ìyá wa kò kàwé, wọ́n sì mọ òwò.” Òótọ́ ni. Alimotu Pelewura tí ń ta ẹja l'Ékòó kò mọ̀wé, síbẹ̀ òun ni olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó títí ó fi kú ní 1951, ó sì kọjú ìjà sí ìjọba òyìnbó nígbà tí wọ́n fẹ́ máa dá iye lé oúnjẹ lásìkò ogun Hitler. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ń kọ́? Ní nǹkan bí 1944, lára ohun tí àwọn ìyá ọlọ́jà kọ́kọ́ bẹ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fún ni pé kí ó kọ́ àwọn ní ìwé kíkà. Àbí wọn kò mọ ọjà tà ni?

Níbi púpọ̀ ni ìlẹ̀kùn yìí kò tètè ṣí. Ní 1908 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ òwò Harvard sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó di 1963 kí wọ́n tó gba obìnrin, àwọn mẹ́jọ péré, láti ka ẹ̀kọ́ ọdún méjì ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níhìn-ín, Lagos Business School bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ní 2009 obìnrin di ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Enase Okonedo. Ní 2022 ó di gíwá Pan-Atlantic University tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an? Ẹ wo ìyá tí ó ra aṣọ mẹ́wàá ní ₦4,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó ń tà á ní ₦5,000. Ó ní òun ń jèrè ₦1,000 lórí ọ̀kan. Òjò ba ọ̀kan jẹ́, ó ta mẹ́sàn-án, ó di ₦45,000. Owó ọkọ̀ ₦3,000, owó ìsọ̀ ₦2,000. Kí ló kù? Owó tí ó fi rajà náà ni, kò sí èrè kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ti ń mú nínú “èrè” yẹn se ọbẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní! Bí a ti ń ṣe irú ìṣirò yìí, bí a ti ń ya owó ìsọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé, bí a ti ń ka ìwé báǹkì kí a tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wà nínú rẹ̀.

Owó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá pọ̀, àpò ẹgbẹ́ kò lè gbé e, a kò sì sọ pé kí ó gbé e. Ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ tí kò béèrè oyè kankan ni a ń wí. Ẹ jẹ́ kí a yá wọn bí a ti ń yá ẹni tó fẹ́ rajà: onígbọ̀wọ́ méjì nínú ẹgbẹ́, kí a má sì béèrè ìfọwọ́sí ọkọ. Ẹni tó bá parí, kí ó wá fi Sátidé kan kọ́ àwa yòókù ní ìwé owó kíkọ. Kí a sì fi obìnrin méjì kún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó.

Ìwé àbá náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kí ó dé ọ́fíìsì ṣáájú ìpàdé gbogbogbòò. Ẹ̀yin ọkùnrin náà lè fọwọ́ sí i o.