Nígbà Tí Fáìlì Bá Dé Tí Àṣẹ Kò Bá A Dé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Ìjọba

Iṣẹ́ ìjọba ní orílẹ̀-èdè wa ti ń kúrò lórí bébà. Ọ́fíìsì Olórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fi ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2025 ṣe gbèdéke fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti gbé iṣẹ́ wọn sórí kọ̀ǹpútà, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ń tọ ọ̀nà yìí, kálukú bí agbára rẹ̀ ti mọ. Inú wa dùn sí i, nítorí pé àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ ohun tí ikán àti òjò ti fi ojú fáìlì rí. Ṣùgbọ́n fáìlì orí kọ̀ǹpútà náà ní ikán tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé kì í pariwo: ìyẹn ni àṣẹ orí fáìlì, tí ó máa ń dàrú nígbà tí a bá ń da àkọsílẹ̀ kọ láti inú ẹ̀rọ ìpamọ́ kan sí òmíràn.

Ẹ̀rọ ìpamọ́ tí à ń wí yìí jẹ́ àpótí tí ó ní díìsìkì méjì, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú, tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì ń bá lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àpótí kan kò tó. Bí iná bá jó ilé, tàbí bí olè bá jà, ẹ̀dà kejì gbọ́dọ̀ wà ní ibòmíràn. Ìdí nìyí tí a fi ń so àpótí méjì pọ̀, kí ohun tí ó bá yí padà nínú ti àkọ́kọ́ lè yí padà nínú ti èkejì. Ètò kan tí a ń pè ní rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní ọdún 1996, wà lára àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún iṣẹ́ yìí títí di òní.

Níbo wá ni wàhálà ti wọlé? Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tí ó so mọ́ ọn: ta ni ó ni ín, ẹgbẹ́ wo ni ó wà fún, kí sì ni àwọn yòókù lè ṣe sí i. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó tẹ̀lé ìlànà Unix, nọ́ńbà ni a fi ń ṣàmì ẹni tí ó ni fáìlì, kì í ṣe orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yé ara wa. Ká ní nọ́ńbà 1003 lórí àpótí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyá àgbà tí ó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, tí nọ́ńbà 1003 lórí àpótí kejì sì jẹ́ ti agùnbánirọ̀ tí ó dé ní oṣù tó kọjá. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan ni ó bá fáìlì rìn, fáìlì owó ìfẹ̀yìntì ti di ti agùnbánirọ̀ nìyẹn, ìyá àgbà sì di àlejò lẹ́nu iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ìdí mìíràn ni pé èdè àwọn ẹ̀rọ kò dọ́gba. Windows lè kọ àṣẹ gígùn, pé lágbájá lè kà, tàmẹ̀dò lè kọ, ẹnìkan báyìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Nígbà tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá dé orí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju onífáìlì, ẹgbẹ́ àti àwọn yòókù lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Díìsìkì àfọwọ́gbé tí a fi ìlànà exFAT ṣètò tilẹ̀ burú jù, nítorí pé kò ní àyè tí yóò kọ orúkọ onífáìlì sí. Ẹ̀kẹta ni orúkọ tí a fi ń ṣe ìdàkọ. Bí orúkọ náà kò bá ní agbára alábòójútó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di olóhun gbogbo fáìlì tí ó dà kọ. Èyí tí kò bá sì ní àṣẹ láti kà, yóò fò ó kọjá, yóò kọ ìlà kan sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ka ìwé náà yóò rò pé gbogbo rẹ̀ ti pé.

Ọjọ́ tí àpótí àkọ́kọ́ bá kú ni àṣírí máa ń tú. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wà níwájú tábìlì, ó wá béèrè owó rẹ̀. Fáìlì rẹ̀ wà nínú àpótí kejì, a ń wo orúkọ rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní a kò láṣẹ láti ṣí i. Ohun tí àwọn kan máa ń ṣe nírú àkókò báyìí ni pé kí wọ́n tẹ 777, ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ibẹ̀ lè kà á, kí ó kọ ọ́, kí ó sì pa á rẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni ìlẹ̀kùn máa ń ṣí, kì í sì í sí ẹni tí ó máa ń rántí padà wá tì í. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Òfin náà sì ní ohun tí ó sọ. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ka ìjọba pẹ̀lú àwọn tí ó gbọ́dọ̀ dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ẹni. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ewu sì lè ti ibẹ̀ bá ẹ̀tọ́ àwọn tí ó kàn, wákàtí 72 ni òfin fún wa láti fi tó Àjọ tí ń rí sí Ìdáàbòbò Dátà létí, láti ìgbà tí a bá ti mọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni gbogbo èyí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bébà ṣì ń jọba, akọ̀wé tí ń tọ́jú fáìlì mọ èyí tí ó jẹ́ àṣírí, ó mọ ẹni tí ó lè gbà á, ó sì ní ìwé tí ó ń kọ ọ́ sí bí ó bá jáde. A ra ẹ̀rọ, a sì kó fáìlì sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀ a kò kó ìmọ̀ akọ̀wé yẹn wọlé. Ẹni tí ó yẹ kí ó rí fáìlì jẹ́ ìbéèrè tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáhùn kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó tẹ ohunkóhun.

Ohun tí a rí pé ó yẹ ní ṣíṣe kò pọ̀. Kí orúkọ àti nọ́ńbà àwọn òṣìṣẹ́ ti orísun kan ṣoṣo wá, kí gbogbo àpótí máa lo ọ̀kan náà. Kí a fi àṣẹ fún ipò, kì í ṣe fún ènìyàn, kí ìṣípòpadà òṣìṣẹ́ má baà da nǹkan rú. Kí orúkọ kan dá wà fún ìdàkọ nìkan, nítorí ìka tí ó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. Kí ẹnìkan máa ka ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Kí a sì rántí pé bí a bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ nínú àpótí kan, ìdàkọ lè pa á rẹ́ nínú èkejì. Nítorí náà, ẹ̀dà àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ lọ́tọ̀.

Paríparí rẹ̀, kí a máa dán an wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Kí òṣìṣẹ́ lásán, kì í ṣe alábòójútó ẹ̀rọ, jókòó sídìí àpótí kejì, kí ó ṣí fáìlì tí ó tọ́ sí i, kí ó sì gbìyànjú láti ṣí èyí tí kò tọ́ sí i. Bí àkọ́kọ́ bá ṣí, tí èkejì sì kọ̀, a lè fọkàn balẹ̀ dá òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lóhùn pé fáìlì bàbá wà, ó pé, ẹni tí ó yẹ nìkan ni ó sì rí i.