Wọ́n ṣí ìwé tẹlifóònù kí kòkòrò tó rí orúkọ jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kòkòrò ni. Ẹ má tíì ṣí ojú ewé síwájú o. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa wí pé pẹ̀lú bí ìlú ṣe le tó yìí, ọ̀rọ̀ kòkòrò ló wá kù tí a fẹ́ máa sọ. Ẹ ṣáà fara balẹ̀. Tá a bá dé ibi ọ̀rọ̀ gàrí, ẹ̀yin náà á rí i pé ọ̀rọ̀ wa ni.

Ọkùnrin kan wà ní Jámánì, Alexander Riedel lorúkọ rẹ̀. Ilé àkójọ ohun àdáyébá tó wà nílùú Karlsruhe ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tó sì yàn láàyò ni kó máa wá kòkòrò tí ẹnikẹ́ni ò sọ lórúkọ rí. Ìran kan tí wọ́n ń pè ní Trigonopterus ló gbájú mọ́. Ẹ mọ àwọn kòkòrò kéékèèké tó máa ń wọ àgbàdo àti ìrẹsì, tí ẹnu wọn gùn síwájú bí ọwọ́jà erin? Mọ̀lẹ́bí wọn ni. (Ti inú ẹ̀wà kọ́ o, ìyẹn ní ẹbí tiẹ̀ lọ́tọ̀.) Èyí tó ń ti ara ìdin ńlá inú ọ̀pẹ jáde, ìdin tí àwọn ará Ìlàjẹ máa ń yan jẹ, òun náà ò gbẹ́yìn nínú ẹbí ọ̀hún. Ẹbí ńlá gbáà ni wọ́n, nítorí àwọn tó ti lórúkọ nínú wọn lé ní 60,000.

Àwọn Trigonopterus yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ. Wọn ò ní ìyẹ́ tí wọ́n lè fi fò. Abẹ́ ewé jíjẹrà lórí ilẹ̀ igbó ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, lápá New Guinea àti àwọn erékùṣù Indonéṣíà. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á ká ẹsẹ̀ jọ, wọ́n á ṣe bí òkú. Lọ́dún 2011, Riedel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn kan jáde tó ya ayé lẹ́nu: oríkèé tó so ẹsẹ̀ ọ̀kan lára wọn mọ́ ara, bí ìdè àti nọ́ọ̀tì gan-an ló rí. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, nǹkan tẹ́ ẹ fi ń jẹun ti wà lẹ́sẹ̀ kòkòrò kí bàbá ńlá ẹnikẹ́ni tó rọ irin!

Àmọ́ ti orúkọ ni mo ń bọ̀ wá sọ. Lọ́dún 2013, Riedel àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ 101 kòkòrò lórúkọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ láti New Guinea. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ lóòótọ́, àmọ́ ilé wo lẹ fẹ́ wò fún 101 ọmọ? Ohun tí wọ́n ṣe nìyí: wọ́n ṣí ìwé tẹlifóònù ilẹ̀ Papua New Guinea, irú èyí tí NITEL máa ń tẹ̀ fún wa láyé ọjọ́sí, wọ́n ń fi orúkọ ìdílé tó wà níbẹ̀ sọ kòkòrò. Nígbà tó di 2014, 98 tún dé, wọ́n sì fi ọ̀kan tó wá láti Bali sọrí David Attenborough, gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe ètò ẹranko lórí tẹlifíṣàn. Lọ́dún 2016, wọ́n rí ọ̀kan tí orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi pé ó nírun, ni wọ́n bá pè é ní chewbacca, ẹlẹ́gbàá irun inú fíìmù Star Wars. Lọ́dún 2019, òun àti Raden Pramesa Narakusumo, ọmọ Indonéṣíà, tún sọ 103 lórúkọ láti erékùṣù Sulawesi. Ẹ gbọ́ o: ẹyọ kan péré ló ti lórúkọ ní gbogbo erékùṣù yẹn tẹ́lẹ̀, láti ọdún 1885! Nínú àwọn tuntun ọ̀hún lẹ ti máa rí asterix àti obelix, àwọn ará inú ìwé ẹ̀fẹ̀ Faransé, tí yoda tó ní àwọ̀ ewé sì wà pẹ̀lú wọn.

Ẹ má rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Orúkọ nìkan ni wọ́n fi ń dẹ́rìn-ín pa ara wọn, iṣẹ́ ibẹ̀ ò lẹ́rìn-ín nínú. Wọ́n á gun òkè nínú igbó, wọ́n á kó ewé jíjẹrà, wọ́n á máa jọ̀ ọ́ bí ìyá ẹlẹ́gàrí. Èyí tó bá jábọ́ nísàlẹ̀, wọ́n á wá ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúdú ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì jọra bí epo ṣe jọ epo. Ni wọ́n á bá ṣe DNA fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, DNA yẹn náà, èyí tí àwọn bàbá kan fi ń wádìí bóyá àwọn ló lọmọ. Ibi tí ìtàn tún ti dùn nìyí: wọ́n á tú akọ wọn palẹ̀, wọ́n á yẹ ojú ara rẹ̀ wò lábẹ́ awò, nítorí bí tìrandìran kòkòrò ṣe rí níbẹ̀, ó yàtọ̀ síra wọn bí kọ́kọ́rọ́ ṣe yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á yan ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kékeré, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sí ilé àkójọ. Ẹyọ yẹn ló ni orúkọ. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún bá kọjá tí àwọn méjì ń jiyàn, òkú kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n á lọ wò. Wọ́n á kọ bó ṣe rí àti ibi tí wọ́n ti mú un, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ló ni ín, láti ọdún 1758 ni wọ́n sì ti ń ka ti ẹranko. Kò sófin tó ní kéèyàn má fi orúkọ ara rẹ̀ sọ kòkòrò, àmọ́ ojú á ti ẹni tó bá ṣe é.

Ó yá, gàrí dé. Lọ́dún 1973, kòkòrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ lágbègbè Kinshasa àti Brazzaville. Kì í ṣe mọ̀lẹ́bí Trigonopterus o, ara tiẹ̀ funfun bí ẹni tó yí nínú láfún. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Oko tó bá wọ̀, ewé á ká kò, ẹ̀gẹ́ á rán. Lọ́dún 1977, obìnrin Faransé kan, Danièle Matile-Ferrero, sọ ọ́ lórúkọ: Phenacoccus manihoti. Torí pé Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, ibẹ̀ làwọn onímọ̀ gbà lọ, kí wọ́n lè rí ohun tó ń pa kòkòrò náà jẹ nílé rẹ̀. Lápá àríwá ibẹ̀, wọ́n rí ọ̀kan tó jọ ọ́ gan-an. Àmọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ ò rí tiwa gbé ṣe, wọn ò tiẹ̀ dá a mọ̀.

Ojú ló jọra, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti ọ̀hún ní akọ àti abo. Tiwa yìí, abo ni gbogbo wọn, wọ́n ń bímọ láìní ọkọ! Lọ́dún 1981 ni wọ́n fún ti ọ̀hún ní orúkọ tiẹ̀, Phenacoccus herreni. Lọ́dún yẹn kan náà, Anthony Bellotti rí ojúlówó manihoti ní Paraguay, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí agbọ́n tíntìntín kan tó máa ń yé ẹyin sínú ara rẹ̀, tí ọmọ agbọ́n á máa jẹ ẹ́ láti inú wá. IITA Ìbàdàn tú agbọ́n yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981, ó sì ràn ká ilẹ̀ Áfíríkà. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 1995. Bí ẹnì kan ò bá jókòó ti awò láti fi ìyàtọ̀ sáàárín kòkòrò méjì, ta ni ì bá mọ ibi tí à bá máa ra gàrí báyìí?

Ẹ̀rù tó ń bà mí nípa àwọn aláìníyẹ̀ẹ́ Riedel nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti rí wọn. Kòkòrò tí kò lè fò, òkè tó bí i lòun náà ń kú sí. Ẹni tó bá gé igbó òkè yẹn tán, ó ti pa ìran kan rẹ́, orúkọ ì báà ti délẹ̀ tàbí kò tíì délẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Òkè Ìdànrè ńbẹ, igbó Ọ̀ṣun ńbẹ, ewé sì ń jẹrà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Yunifásítì Ifẹ̀ ní ilé àkójọ ohun àdáyébá tiẹ̀, IITA náà ń tọ́jú àìmọye kòkòrò sí ẹ̀ka rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùtọnu. Nítorí náà, tí ẹ bá rí kòkòrò tó ṣàjèjì sí yín, ẹ má sáré fi bàtà tẹ̀ ẹ́ jàre. Ẹ mú un sínú ìgò kékeré, ẹ bu sípíríìtì lé e, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti ọjọ́ tí ẹ rí i sára bébà, kí ẹ jù ú sínú ìgò náà pẹ̀lú rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ o, sípíríìtì á fọ báírò dànù.