Omi Ìdọ̀tí Kì í Nù: Ọgbọ́n Tí Ìlú Arcata Dá

Tí a bá fọ abọ́ tán, a máa ń sọ pé a da omi rẹ̀ nù. Èdè wa fi "nù" sí i, bí ìgbà tí nǹkan sọnù tí a kò ní rí i mọ́. Àmọ́ omi abọ́ àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í nù. Ibì kan ni wọ́n ń lọ, odò ni wọ́n sì sábà máa ń já sí. Ìlú kékeré kan wà tó jókòó, tó pinnu ibi tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ yóò gbà kó tó dé ọ̀sà. Ìlú náà la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Arcata ni wọ́n ń pè é, ní apá àríwá ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará ibẹ̀ kò tó 20,000. Ọ̀sà Humboldt Bay ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, bí ọ̀sà ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ará Èkó àti Kútọnu. Inú rẹ̀ ni àwọn kan ti ń sin ẹran inú ìkarahun fún títà. Tí ìgbẹ́ bá dé ibẹ̀, ọjà wọn bàjẹ́ nìyẹn, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ lè ṣàìsàn.

Ní 1974, ìpínlẹ̀ náà gbé ìlànà kan jáde pé kí ìlú kankan má ṣe da omi ìdọ̀tí sínú irú ọ̀sà bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi tó bá lè fi hàn pé omi náà ń ṣe ọ̀sà láǹfààní. Wọ́n dábàá pé kí àwọn ìlú àyíká para pọ̀ kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan, kí wọ́n ri páìpù gba abẹ́ ọ̀sà lọ sínú òkun. Owó rẹ̀ ga, Arcata sì kọ̀. Àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì ibẹ̀, George Allen àti Robert Gearheart, ní kí wọ́n jẹ́ kí àbàtà ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní 1979. Nígbà tó di 1986, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Kí la ń pè ní iṣẹ́ níbí? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa ẹja. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé májèlé ni, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, àìrí èémí mí ni. Ìgbẹ́, ọ̀rá ọbẹ̀, omi ìrẹsì, oúnjẹ ni gbogbo wọn jẹ́ fún bakitéríà, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ni wọ́n ń lo ọ́síjìn inú omi, ọ́síjìn yìí kan náà sì ni ẹja ń mí. Oúnjẹ pọ̀, kòkòrò ń bí sí i, ọ́síjìn tán, ẹja kú, ó léfòó. Kò sí bí a ṣe lè ní kí àwọn kòkòrò náà má jẹun. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí wọ́n jẹun tán níbòmíràn, kí omi tó dé ọ̀dọ̀ ẹja.

Ní Arcata, asẹ́ onírin ló kọ́kọ́ ń gba àkísà àti ọ̀rá. Lẹ́yìn náà, omi á dúró jẹ́ẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ silẹ̀, bí ògì ṣe ń silẹ̀ tí omidùn á wà lókè. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni wọ́n ń sọ di ajílẹ̀. Omi òkè á wá wọ àwọn adágún fífẹ̀ tí oòrùn ń pa. Níbẹ̀, ewédò ń pèsè ọ́síjìn, bakitéríà sì ń jẹun ní àjẹyó. Láti ibẹ̀, ó di inú àbàtà, láàárín koríko tó ga ju ènìyàn lọ. Igi koríko ń di ìdọ̀tí tó kù mú, òjìji rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ewédò rí oòrùn, ni ewédò náà á bá kú, á sì silẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kílórìnì ni wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, wọ́n á sì tún yọ kílórìnì náà kúrò, nítorí òun fúnra rẹ̀ ń pa ẹja.

Ilẹ̀ tí àbàtà yìí wà, ààtàn ìlú wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, ó jẹ́ éékà 307, wọ́n ti rí oríṣi ẹyẹ tó ju 300 lọ níbẹ̀, tọkọtaya ń rìn gbafẹ́ láàárín rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Allen àti Gearheart sọ méjì nínú àwọn àbàtà náà. A mọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò ní gbà kí wọ́n fi orúkọ wọn sọ omi ìgbẹ́!

Irú adágún oòrùn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣalángá àti sókàwéè ni ọ̀pọ̀ ilé wa ń lò, ì báà jẹ́ Kàdúná tàbí Àkúrà la ń gbé. Nígbà tó bá kún, a ó pe tánkà, a ó ná owó rẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀, a ó sì ti géètì nígbà tó bá jáde. Kí ẹ tó sanwó fún èyí tó ń bọ̀, ẹ bi awakọ̀ ibi tó ń gbé e lọ. Tó bá dárúkọ ibi ìtọ́jú kan, ẹ fi fóònù bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Tó bá ń wo ilẹ̀, ẹ pe ẹlòmíràn.