Iṣẹ́ Àṣetiléwá Kì Í Ṣe Ìwàásù

 

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní sáà tó kọjá, ọmọbìnrin mi tó wà ní JSS 2 gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ tọ̀ mí wá nínú ilé wa n'Ìbàdàn. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìjọ Kírísítẹ́nì dá sílẹ̀ ni ó ń lọ. Iṣẹ́ Yorùbá ni. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ìbéèrè kẹta ni: "Ta ni Èṣù nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá?" Ọmọ náà mọ ìdáhùn. Láti kékeré ni ó ti ń bá mi gbé epo lọ sí ìdí Èṣù. Síbẹ̀ kò kọ nǹkan kan. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ohun tí mo mọ̀ ni kí n kọ, àbí ohun tí wọn yóò fún mi ní máàkì lé lórí?"

Babaláwo ni mí. Mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo sì ń kọ́ni ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ni akẹ́kọ̀ọ́ ti bi mí. Kò sí èyí tó dùn mí tó ìyẹn. Mo ní kí ó kọ ohun tí ó mọ̀. Ó kọ ọ́ pé Èṣù ni òrìṣà tí ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ kí ó dé, pé àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé oríta ni ibùjókòó rẹ̀, pé òun ni ẹlẹ́rìí láàárín ẹni tó rúbọ àti ẹni tí kò rú. Nígbà tí ìwé padà dé, olùkọ́ ti fi gègé pupa fagi lé e. Ó fún un ní òdo, ó sì kọ ìdáhùn tí ó ń fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Èṣù ni Sátánì, ọ̀tá Ọlọ́run àti ènìyàn."

Òdo yẹn ni mo fẹ́ bá a yín sọ lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ máa kọ́ ọmọ ní Ifá dídá. Abala 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ààyè láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn wọn nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ náà nìkan ń bójú tó. Abala kan náà ló sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi mú ọmọ lọ síbẹ̀, nítorí wọ́n ń kọ́ ìṣirò dáadáa, àwọn olùkọ́ wọn kì í sì í pa iṣẹ́ jẹ. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà láàárọ̀, ọmọ mi a dúró jẹ́ẹ́. Ilé onílé ni. Ẹjọ́ tí mo ń rò wà lórí iṣẹ́ Yorùbá, lítíréṣọ̀ àti ìtàn, níbi tí wọ́n ti ń gbé aṣọ ìmọ̀ wọ ìwàásù.

Ẹ jẹ́ ká tún ìbéèrè náà kà: "nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá". Kò béèrè ohun tí olùkọ́ gbà gbọ́. Bí èmi bá bi akẹ́kọ̀ọ́ mi ní yunifásítì pé, "Ta ni Jésù nínú ìgbàgbọ́ Kírísítẹ́nì?" tí ó sì dáhùn pé Ọmọ Ọlọ́run ni, máàkì rẹ̀ pé. Bí mo bá fún un ní òdo nítorí pé Ifá ni èmi ń bọ, gbogbo ìlú yóò pariwo pé mo rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ, òótọ́ ni wọn yóò sì sọ. Òṣùwọ̀n kan náà ni mo ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí oko tèmi, èyí tí í ṣe èdè. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, kì í ṣe òpè. Níbi tí wọn kò ti rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu, wọ́n yá a. Àwọn Mùsùlùmí ló ti ń lo àdúrà, àlùfáà, wòlíì àti ìwàásù kí ìjọ tó gbà wọ́n lò. Wọ́n sì yá Sátánì fúnra rẹ̀: orúkọ yẹn ló wà nínú ìwé Jóòbù ti Yorùbá títí dòní. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kò wọ́n wọn. Síbẹ̀, níbi tí a ti dán Jésù wò nínú ìwé Mátíù, orúkọ Èṣù ni wọ́n mú, wọ́n sì fi í lé ẹni tí kò bá a tan lórí. Ìpinnu atúmọ̀-èdè ni èyí. Ẹni tó bá ka Bíbélì náà nílò láti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìpinnu atúmọ̀-èdè kò lè di ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́nu àwọn tó ni ín kí atúmọ̀-èdè tó dé. Ẹ wo ẹbọ náà: nígbà tí Ábúráhámù rú u, ẹbọ ni, ó sì dára, nígbà tí bàbá ọmọ mi rú u, ó di ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, inú ìwé kan náà ni ọmọ sì ti ń kọ méjèèjì.

Àwọn ìyẹ̀rẹ̀ Ifá, ìjálá, ẹ̀sà egúngún àti Ṣàngó pípè wà lára ewì alohùn tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ túmọ̀ ewì tí ó ń ki òrìṣà, nígbà tí wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tí à ń kì kì í ṣe nǹkan kan ju ẹ̀mí èṣù lọ?

Ohun tó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu ni pé àwọn baba ìjọ fúnra wọn kò ṣe báyìí. Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, lọ jókòó ti àwọn arọ́kin kí ó tó kọ ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Emmanuel Moses Líjàdú, ajíhìnrere ní Oǹdó, tẹ ìwé lórí Ifá jáde ní 1898. Ó fẹ́ kí a di Kírísítẹ́nì, kò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí awo ń wí. Ní 1962, Bọ́lájí Ìdòwú kọ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, ó sì là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé Èṣù tiwa kì í ṣe èṣù inú Májẹ̀mú Tuntun. Ọkùnrin yìí ló di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Bí Ìdòwú bá jókòó nínú kíláàsì ọmọ mi, òdo ni yóò gbà.

Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ náà kúnlẹ̀ kí mi, ọmọlúàbí ni. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ pé ohun tí ọmọ kọ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un ní máàkì, àwọn òbí yòókù á ní mò ń kọ́ ọmọ àwọn ní ìbọ̀rìṣà." Ọ̀gá àgbà ní àwọn yóò wò ó. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, òdo náà ṣì wà níbẹ̀.

Kí ló burú nínú òdo kan? Ìwàásù a máa parí sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Iṣẹ́ àṣetiléwá ní tirẹ̀ a máa tẹ̀ lé ọmọ wọ yàrá, a jókòó ti oúnjẹ alẹ́, a sì sọ fún un pé irọ́ ni òbí rẹ̀ ń pa. Ọmọ tó bá ń kọ ohun tí kò gbà gbọ́ nítorí máàkì ti ń kọ́ ẹnu méjì. Lẹ́yìn èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí fọ́ọ̀mù tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tó wọlé. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ bàbá, "olùkọ́ yunifásítì" ló kọ. Kò fi awo kún un. N kò bá a wí. Ojú ara mi ló tì mí.

Ó tì mí nítorí pé àwa náà jẹ̀bi. A ń jó lọ́jọ́ ìṣẹ̀ṣe, a ń ya fọ́tò, a kì í ṣí ìwé ọmọ wa wò. A fi iṣẹ́ ìwé kíkọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, a wá ń bínú pé ohun tó wù ú ló kọ.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ máa ka iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí irú òdo yìí, ẹ má yọ ọmọ kúrò, ẹ má sì lọ jà. Ẹ mú ìwé náà dání, ẹ mú ìwé Ìdòwú dání, ẹ lọ béèrè pẹ̀lú sùúrù pé kí wọ́n tún un máàkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni láàárín wa, ẹ jẹ́ ká kọ ìwé tí olùkọ́ tí ẹ̀rù ń bà lè fi gbèjà ara rẹ̀. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ àṣetiléwá mìíràn tún dé, lórí Ọ̀rúnmìlà. Ọmọ náà kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ó jókòó, ó kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i lókè.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.